Ìléru gáàsì tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi: iná ẹ̀ dáa, àmọ́ wọ́n dí ẹ̀yìn ẹ̀ pa

Gbàù! Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo ti irin wọnú ìléru tuntun, tí mo ń retí kó yọrí lódìkejì. Kò yọ. Mo fà á padà, mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wo inú ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n jó dí ẹ̀yìn ẹ̀ pa, gbọnin-gbọnin bí ìdí ìkòkò.

Ẹni tó bá ń rọ irin nílé bíi tèmi á ti mọ ohun tó bí mi nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Idà tí mo fẹ́ ṣe, tí mo bá nà án ró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Irú èyí tí wọ́n ń gbé nínú géèmù ni, tí jagunjagun á gbé kọ́ èjìká bí ẹni gbé ọmọ odó. Sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù ni mo rà fún un ní Ládípọ̀: ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 130, ó fẹ̀ ní 9, ó nípọn ní 1. Inú ìléru yìí kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Tí mo bá ki orí kan bọ̀ ọ́, 40 á gbóná. Tí mo bá yí i padà, 40 míì á gbóná. Àádọ́ta tó wà láàárín kò ní fojú kan iná títí ayé. Bẹ́ẹ̀ àárín yẹn gan-an ló tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, torí bí sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. ₦185,000 ni mo san. Ọwọ́ mi ò tíì tẹ èkù idà, mo ti ń bèèrè ikú tó pa owó mi.

Kì í ṣe pé mi ò sọ fún wọn. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣì wà lórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́: kó ṣí níwájú, kó ṣí lẹ́yìn, irin á gba inú ẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin tó ń dáhùn ní ṣọ́ọ̀bù kọ "OK ma", ó tún fi àtàǹpàkò tì í.

Mo pè wọ́n. Ọmọṣẹ́ kan ló gbé e.

"Àǹtí, ẹ fi ìdí irin yẹn wọlé."

Mo ní mo ti fi ìdí wọlé, mo ti fi orí wọlé.

"Ó dáa, ẹ gé e sí méjì. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ tán, ẹ gbé e wá, a máa bá yín jó o pọ̀."

Mo dákẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Ìyàwó ọ̀gá wá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, òun gan-an ni mo sì torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Kò pariwo o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń tu ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá nínú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ọkọ yín wà nítòsí, ká ṣàlàyé fún wọn?"

Mo ní èmi ni mo rà á.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa rọ irin?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀. "Kí lobìnrin fẹ́ fi idà ṣe, mà?"

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá sọ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ṣíṣí ẹ̀yìn, ₦15,000, àti pé èmi ni máa sanwó ọkọ̀ tó máa gbé e wá. Ìwé owó ni mò ń kọ láti Ọjọ́ Ajé dé Jímọ̀, nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Inú tó ń bí mi yẹn ni mo fi tan iná sí i, kí n lè rí àléébù míì kún èyí tó wà nílẹ̀. Ojú tì mí. Iná bú jáde ní búlúù, ó ń hó wuu. Kò tó ìṣẹ́jú méje tí orí sípíríǹgì fi pọ́n bí àgbálùmọ̀. Mo na òòfà tí mo so mọ́ wáyà sí i, òòfà ò dá a mọ̀ mọ́, ìyẹn ni pé irin ti kọjá nǹkan bí 770 dígírì. Pẹ̀lú èédú àti fáànù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò bá ṣì máa fẹ́ná. Rẹ́gúlétọ̀ tó lágbára ni wọ́n fi sí i, kì í ṣe ti sítóòfù ilé tí iná ẹ̀ ò lè yan ju ẹja lọ. Lóòótọ́, tí mo bá lò ó pẹ́, ara sílíńdà 12.5 máa ń làágùn, á tutù nini, iná á sì rẹlẹ̀, àmọ́ bí gáàsì ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá ń jáde lọ́pọ̀. Mo gbé e sínú báàfù omi, ó dáa.

Mo wá rí àléébù tí mò ń wá. Òwú funfun tó ń gba ooru dúró nínú ìléru, wọn ò fi sìmẹ́ǹtì iná, irú èyí tó ń fara da iná, rẹ́ ẹ lójú rárá. Fọ́nrán ẹ̀ ń fò nínú oòrùn bí òwú àràbà. Ẹni tó bá ń fa nǹkan yẹn símú, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló ń bá ṣeré. Mo pa iná, mo bomú, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń ka owó mi lọ́kàn.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan kan géètì. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ni, ẹni tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Ó gbé ẹ̀rọ ìgérin sínú Ghana-must-go, ó gbé ike sìmẹ́ǹtì iná dání. "Àǹtí, mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́." Kò ṣàwíjàre kankan. NEPA mú iná lọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a fi okùn fa iná wá látinú jẹnẹrétọ̀ lándìlọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ilé ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ó gé ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò, ó to bíríkì iná méjì síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí èèyàn lè fà síwá sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ rẹ́ sìmẹ́ǹtì sínú ẹ̀ bí ẹni rẹ́ ògiri ilé tuntun. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tan án kó tó gbẹ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Àdúgbò wa ní Bàríga, ọ̀sà ló parí sí; kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi kankan.

Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi. Àgékù irin rélùwéè ni mò ń lò bí owú, ìyẹn ohun tí alágbẹ̀dẹ ń gbé irin lé lù. Ó kọ́kọ́ fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, láìsí irin lórí ẹ̀. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní bàbá òun, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìlá, kì í lu owú láì kí i. Èmi di ẹ̀mú mú, òun ń lù. Kì í fi agbára lù ú. Ó kàn ń gbé òòlù sókè, ó ń jẹ́ kó jábọ́ fúnra ẹ̀. Èèpo dúdú ń ré kúrò lára irin, ó ń balẹ̀ ṣàrá-ṣàrá. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á di ojú kan, á fi èkejì wo ẹ̀gbẹ́ irin láti orí dé ìdí, á wá tọ́ka: "Ibí." A tì í wọlé níwájú, ó yọ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ọrun yẹn fi na tán.

Ó wá gbé e wò. "Kílò 9. Ta ló fẹ́ fi èyí jà?"

Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ fi jà, fọ́tò ni ọmọ kan fẹ́ fi yà, mi ò tiẹ̀ ní pọ́n ẹnu ẹ̀. Mo ní idà ọlọ́wọ́ méjì tí àwọn ará Yúróòpù fi jagun láyé ọjọ́un gan-an, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju kílò 2 sí 3 lọ. Ẹ̀rín pa á. Ó ní ẹni tó bá gbé èyí lọ ojú ogun, kó tó gbé e sókè, ọ̀tá á ti jẹun sùn.

Ó kọ owó. Ẹ̀bà nìkan ló gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó ẹ̀ kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "E kaaro ma, 15k wa." Mo san án.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ìléru míì tó gùn ju èyí lọ, ìyàwó ọ̀gá náà ló gbowó ẹ̀, kò sì tíì fún mi ní rìsíìtì.