Bàálù abikùn-tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀nà jíjìn láti Èkó: táǹkì àfikún ni àbí bàálù tuntun?

Ẹ lọ dúró sí ìdí ìwọ̀n ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lálẹ́ tí bàálù Lọ́ńdọ̀n bá fẹ́ gbéra. Ẹ ó rí ìyá kan tó ti tú báàgì sílẹ̀, tó ń kó èlùbọ́ kúrò nínú ọ̀kan sínú èkejì torí pé kílò 23 ni wọ́n fàyè gbà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bàálù abikùn-tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn bàálù kékeré tó ní ọ̀nà ìrìn kan ṣoṣo láàárín ìjókòó, fún ọ̀nà jíjìn, ìyá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Kìlómítà ni ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ kà fún yín. Ibi tí èlùbọ́ máa wọ̀ sí ni kẹ́yin kọ́kọ́ bèèrè.

Èkó sí Lọ́ńdọ̀n tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Wọ́n ní Boeing 737-800 lè rìn tó 5,436. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wá àlòkù gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ó ti tó nù un." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tó o." Ìṣirò ilé iṣẹ́ nìyẹn: kò sí atẹ́gùn tó ń ta kò ó, ọ̀nà gún, ẹrù èrò kò sì tó báàgì méjì méjì. Ní oṣù Kẹjọ 2023 tí Niger ti òfuurufú wọn pa, àwọn bàálù tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn. Kìlómítà 436 tó ṣẹ́ kù yẹn kò lè gba irú ìyẹn mọ́ra.

Nínú ohun tí wọ́n fi ń mú bàálù rìn jìnnà sí i, etí apá tí wọ́n ká sókè ló rọrùn jù. Ó ń dín epo kù ní nǹkan bíi ìdá 3 sí 5 nínú 100, kò sì gba àyè kankan nínú ikùn bàálù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ 737-800 àlòkù ti ní in tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún kà á mọ́ owó bí ẹni ta yín lọ́rẹ.

Táǹkì epo àfikún ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ibi ẹrù ni wọ́n ń gbé e sí. Ti Airbus máa ń gba nǹkan bíi lítà 3,000. Bó bá kún, epo inú rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, bíi báàgì kílò 23 ọgọ́rùn-ún. A321LR, bàálù Airbus tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, ní mẹ́ta, ó sì ń rìn tó kìlómítà 7,400. Ṣùgbọ́n nínú àyè àpótí ẹrù mẹ́wàá tí A321 ní, mẹ́ta ti lọ. Bẹ́ ẹ bá sì gbé e lọ sí Akra láì bu epo sí táǹkì wọ̀nyẹn, irin wọn ṣì wúwo.

Àwọn kan ń yọ ìjókòó kí bàálù lè fúyẹ́. British Airways gbé A318, bàálù Airbus tó kéré, tó ní ìjókòó 32 péré láti pápákọ̀ London City lọ sí New York lọ́dún 2009. Rọ́nwéè London City kúrú, bàálù ò lè gbé epo tó pọ̀ kúrò nílẹ̀, ló bá ń yà bu epo ní Shannon ní Ireland. Ti Ìkẹjà gùn tó mítà 3,900, ìyẹn ò ní dà yín láàmú. Èwo nínú yín ló rí èrò 32 tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?

A321XLR, bàálù Airbus tó ń rìn jìnnà ju A321LR lọ, yàtọ̀. Inú ara bàálù ni wọ́n mọ táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, lítà 12,900, ó sì ń gba àyè ẹrù tó kéré sí ti táǹkì àfikún tó máa gba irú epo yẹn. Iberia, ilé iṣẹ́ bàálù Sípéènì, ló kọ́kọ́ gbà á, lọ́dún 2024. Kìlómítà 8,700 ni wọ́n kọ sí i. New York tó 8,450 láti Èkó, atẹ́gùn sì ń kojú ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi New York tà á fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín.

Fún Lọ́ńdọ̀n àti Dùbáì, A321neo, ìyẹn A321 oní-ẹ́ńjìnnì tuntun, tó ní táǹkì àfikún kan, ó pọ̀ jù méjì, ni èmi á mú. Ẹ bèèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà lára rẹ̀, torí àṣìṣe irin tí Pratt & Whitney tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kéde lọ́dún 2023 dá bàálù púpọ̀ dúró sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n ṣírò Èkó sí Lọ́ńdọ̀n fún yín ní oṣù Kejìlá, èrò 180, báàgì méjì méjì. Kílò 8,280 nìyẹn, báàgì nìkan. Bí wọ́n bá ní àwọn á padà pè yín, ẹ má tíì san nǹkan kan.