Fifth wheel tókunbọ̀ fún tírélà ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́: JSK 37 lẹ́nu iṣẹ́

Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ fifth wheel (irin pẹlẹbẹ ńlá tó ń so orí mọ́ tírélà) tó wà lẹ́yìn orí tírélà tó ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Èyí tí mò ń lò ni JSK 37C ti iléeṣẹ́ JOST, ti kingpin íǹṣì 2; kingpin ni irin róbótó abẹ́ iwájú tírélà tí fifth wheel ń gbá mú. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ kí ẹni tó fẹ́ ra irú rẹ̀ má fi ọ̀dà ra ọjà. Ọ̀dà dúdú tó ń dán kò gba àkókò láti kùn. Abẹ́ ni ọjà wà.

Kí ẹ tó dúnàá-dúrà, ẹ wọ abẹ́ tírélà yín, kí ẹ wọn kingpin. Oríṣi méjì ló wà, íǹṣì 2 àti íǹṣì 3.5, èyí kò sì gba tìyẹn. Ọrùn kingpin íǹṣì 2 tuntun jẹ́ mílímítà 50.8. Tó bá ti jẹ dé 49, ó ti tán nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi fifth wheel tó dáa gbá kingpin tó ti jẹ mú, á kàn máa gbọ́ kò-kò-kò ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, lọ́ọ̀kì tuntun inú fifth wheel, tó ń di kingpin mú, á sì jẹ tẹ̀lé e.

Ẹ wá nọ́ńbà D àti U lára irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn. U ni ẹrù tó lè jókòó lé e lórí, D ni agbára fífà. Ti JSK 37C: U jẹ́ tọ́ọ̀nù 20, D jẹ́ kN 152 (kilonewton, ìwọ̀n agbára). Bí ẹ ṣe máa ṣírò D tí tírélà yín nílò nìyí. Ká ní orí àti ẹrù tó gbé jẹ́ tọ́ọ̀nù 17, tírélà tòun ti ẹrù jẹ́ 33, tí 10 nínú rẹ̀ sì jókòó lórí fifth wheel: 17 lọ́nà 33 lọ́nà 0.6 lọ́nà 9.81, kí ẹ fi 40 pín in (17 àti 33, yọ 10). Bíi kN 82.5 ni, ó ṣì jìnnà sí 152. Èyí tí wọ́n bá ti yọ irin nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ẹnu lọ́ọ̀kì àti òrùka irin tó yí kingpin ká. Àwọn kan a máa fi wẹ́ẹ̀dì kún ẹnu lọ́ọ̀kì kó lè fún. Iná yẹn ti ba líle irin jẹ́, kò sì ní pẹ́ tó fi máa tún ṣí. Ẹ fi ọwọ́ pa á: wẹ́ẹ̀dì máa ń ní kókó, kódà lábẹ́ ọ̀dà. Tókunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti họ, tí ẹ ra lọ́ọ̀kì àti òrùka tuntun sí, sàn ju èyí tó ń dán lọ. Ẹ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà, bóyá rọ́bà inú wọn ti sá.

Nọ́ọ̀tì àti bóòtù la fi ń de fifth wheel, èyí tí nọ́ńbà líle irin, 8.8 tàbí 10.9, wà lórí rẹ̀. Wẹ́dà tó bá ní kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣásíìsì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbà fún un. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tó gbé ẹrù, ẹ tún un fún.

Gíríìsì: nígbà ọyẹ́, eruku máa ń pò mọ́ gíríìsì àtijọ́, ó sì máa ń lọ irin bíi sánpépà. Bí wọ́n ṣe ń da tuntun lé e lórí kò wúlò. Ẹ ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá ná.

Irin tó kán nìkan kọ́ ló ń já tírélà sílẹ̀. Kí dẹ́rẹ́bà tó fẹ̀yìn wọlé, kí abẹ́ iwájú tírélà dọ́gba pẹ̀lú ojú fifth wheel, tàbí kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, kó má ju mílímítà 50 lọ. Bó bá ga jù, kingpin á gun orí lọ́ọ̀kì, ẹ̀yin á rò pé ó ti wọlé. Kí ẹsẹ̀ tírélà ṣì wà nílẹ̀, kí bíréèkì rẹ̀ dì, kí dẹ́rẹ́bà fi jíà kìíní fà á díẹ̀. Kí mọ́tò-bọ́ọ̀yì wá tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́: kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín irin méjèèjì, lọ́ọ̀kì sì gbọdọ̀ ti yí ọrùn kingpin ká. Ẹ̀yìn ìyẹn ni họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ bíréèkì, pupa àti yẹ́lò, tó kàn.

Bí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣí lọ́ọ̀kì bá kọ̀ tí kò fà nígbà tí ẹ fẹ́ já tírélà, ẹ má fi òòlù gbá a. Ẹ fẹ̀yìn díẹ̀ kí kingpin dẹ̀, á jáde.