Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ṣéènì kẹ̀kẹ́: omi bátìrì ni wọ́n fi ń wẹ ìpáàrà kúrò

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún ná owó lórí ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ṣéènì mi já lórí Carter Bridge. Láti Ìddó ni mo ti ń gun afárá bọ̀, mo dìde lórí ìjókòó, mo ń fi gbogbo ara tẹ pédà, àfi gbàù! Ẹsẹ̀ mi já sófo, orúnkún mi lọ gbá irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Dánfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi tẹ bíréèkì débi pé kọ̀ǹdọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ju ọjọ́ 9 lọ tí mo ra ṣéènì ọ̀hún.

Lápá Mushin ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó to ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ sórí tapólì. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní júwe ìsọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, kì í ṣe ojú ẹnì kan. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wò ó bó ṣe mọ́! Inú kọ̀ǹtéńà la ti kó o jáde, kò tíì fojú kan títì rí." ₦6,500 ni mo san lórí ṣéènì, mo tún fi ₦2,000 ra bọ́ọ̀lù bíárìn (àwọn irin róbótó kéékèèké tó ń jẹ́ kí ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ yí geere) àti nọ́ọ̀tì mélòó kan. Ẹ́ńjìn óìlì ń kán tó tó tó lára gbogbo wọn. Èmi ọ̀dẹ̀ rò pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa ni.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí wa ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ló là mí lójú. Wọ́n rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, wọ́n fi nu ṣéènì náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. "Ọmọ mi, ásíìdì ti jẹ èyí." Lóòótọ́, nígbà tí óìlì kúrò, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, kò dán rárá, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí Ṣọ̀pọ̀nná ti bá jà rí.

N kò gbà gbọ́ títí mo fi padà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo gbà yọ. Ọmọkùnrin kan lóṣòó ti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì, ṣéènì àti nọ́ọ̀tì tó pọ́n bí osùn kún inú rẹ̀, omi náà ń hó, òórùn rẹ̀ sì ń ta mí nímú bí ata. Omi bátìrì ni, ásíìdì tí wọ́n ń bù sínú bátìrì ọkọ̀. Bó bá ti yọ wọ́n, á fi omi ṣàn wọ́n, á sá wọn sóòrùn, á rì wọ́n sínú óìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti tú dànù. Àwọn nọ́ọ̀tì tí kò bá mọ́ tó, wọ́n á fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà sí wọn lára. Ó tán, ó di tuntun! Nígbà tí mo bi ọ̀gá wọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ṣáà mú òmíràn." Òmíràn láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà! Owó mi kò sì padà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí ìpáàrà ni wọ́n bá wa wẹ̀ kúrò, kí ló burú níbẹ̀? Bí ásíìdì bá ń jẹ irin, gáàsì háídírójìn ló ń jáde, òun ni ẹ ń rí tó ń hó yẹn. Díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń wọnú irin lọ. Irin rírọ̀ lè mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n irin líle, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣéènì àti bọ́ọ̀lù bíárìn, á di ohun tó ń dá bí igi gbígbẹ. Kò ní tẹ̀, kò ní fà, kò ní ṣe àpẹẹrẹ kankan kó tó já. Ásíìdì tó ṣẹ́ kù sínú kọ́lọ́fín irin náà á sì tún pe ìpáàrà padà kíákíá. Ẹ wá fi ti Èkó kún un: iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun tó ń fẹ́ sí wa láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Lẹ́kí kò jẹ́ kí irin sinmi.

Nítorí náà, ẹ gbé àkísà àti igo kẹrosíìnì kékeré dání lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ní kí ẹ má nu ọjà òun, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ nu óìlì kúrò kí ẹ rí ara irin. Ẹ di orí ṣéènì mú kó rọ̀ wálẹ̀: ibi tó bá tẹ̀ tó kọ̀ láti nà, ìpáàrà ti wọ inú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú rúlà dání pẹ̀lú. Láti àárín píìnì kan sí àárín píìnì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀, ínṣì 12 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lé, ó ti gbó, ohun tó wù kí olówó rẹ̀ máa wí. Ní ti ọ̀dà fàdákà, ẹ fi èékánná ha ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì, tàbí kí ẹ fi pẹtiróòlù díẹ̀ nù ún: ọ̀dà á ṣí, àmọ́ kúróòmù gidi kò ní ṣí.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé sípóòkù kan kì í dípẹtà láéláé, ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, òòfà lè fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

Ti bọ́ọ̀lù bíárìn ló dùn mí jù, nítorí owó rẹ̀ kéré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ògbólógbòó rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́, 11 ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí apá pédà ti ń yí láàárín kẹ̀kẹ́. Ẹyọ kan tó bá ní ihò kóńkóló lára, yóò ha gbogbo ilé rẹ̀ jẹ. Tuntun inú páálí ni kí ẹ rà.

Ẹ̀yin tí nọ́ọ̀tì yín dógùn-ún nílé, ẹ má bá wọn wá omi bátìrì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù fọ̀ ọ́, ẹ fi omi tí ẹ po báìkìn sódà sí ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ fi óìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù nìkan o! Ṣéènì, kẹrosíìnì ni ẹ fi fọ̀ ọ́. Irin ọwọ́ tó ní kúróòmù, ẹ ká fóìlì tí a fi ń bo oúnjẹ, ẹ tì í bọ omi, ẹ fi ha á jẹ́jẹ́. Ẹ ṣọ́ra kí óìlì má kan rímù níbi tí bíréèkì ti ń gbá a mú.

Ṣéènì mi yẹn, mo fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ti ń kun ọmọ wa lọ́wọ́ bí osùn.