Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá fóònù eSIM ní Àjàṣẹ́: ẹ rí EID kí ẹ tó ka owó

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní gbogbo agbègbè wọn, mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí jìbìtì kan tí àwọn kan nínú àwọn tó ń ta fóònù tòkunbọ̀ ń lù, pàápàá àwọn tó ń polówó ọjà wọn lórí WhatsApp àti Facebook. Wọn a ta fóònù tí kò lè gba eSIM rárá (ìyẹn SIM tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí kò nílò káàdì) fún ẹni tó torí eSIM wá, wọn a sì bu owó lé e nítorí eSIM tí kò sí níbẹ̀. Bí oníbàárà bá padà wá, wọn a ní fóònù náà kò ní àbùkù kankan, kó lọ bá iléeṣẹ́ tó ni SIM. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àyẹ̀wò EID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ eSIM inú fóònù, tó lè tú àṣírí wọn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní owó nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ẹnubodè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Ẹni tó ń ti Àjàṣẹ́ gba Ìgòlò tàbí Sèmè-Kraké wọ Nàìjíríà, tàbí tó ń ti Kétu gba Ìlárá lọ, nílò nọ́ńbà Benin tí owó MoMo rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì tún nílò nọ́ńbà Nàìjíríà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ̀. Láti ọdún 2020 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti fún MTN àti 9mobile láṣẹ láti dán eSIM wò, láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò wa sì ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ní ojú SIM kan ṣoṣo lè fi káàdì kan sí ojú náà, kó fi nọ́ńbà kejì sórí eSIM, kó má ṣe máa yọ káàdì ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá ẹnubodè, kó má sì ṣe sọ èyí tó yọ nù sínú ọkọ̀. Àǹfààní gidi ni èyí, òun náà ni àwọn ẹlẹ́tàn rí tí wọ́n fi ń dáhùn pé «ó ń gbà á» kí oníbàárà tó béèrè tán.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Ouando, ra iPhone 13 kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ níbí, nítorí pé ẹ̀sùn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ó béèrè kó tó sanwó pé, «Bọ̀dá, ṣé eléyìí ń gba eSIM?» Ọkùnrin náà ṣí «Réglages», ó wọ «Général», ó wọ «Informations», ó fa ojú ìwé náà wálẹ̀, ó wá fi ìka tọ́ nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń pè ní IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù. «Àǹtí mi, ẹ wò ó, IMEI méjì ló ní. Èkejì yẹn ni ti eSIM.» Àbúrò mi san owó tó lé ní 200.000 CFA. Nígbà tó dé ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó fẹ́ gba eSIM lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní kó tẹ *#06#. IMEI méjì jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí EID. Ọmọbìnrin náà ki abẹ́rẹ́ bọ ihò ẹ̀gbẹ́ fóònù, ó fa àwo SIM jáde, ó yí i padà: àyè káàdì kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn àwo yẹn ni IMEI kejì tí ọkùnrin náà ń fọwọ́ tọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí òun ni gbòǹgbò ẹ̀tàn náà. IMEI méjì kì í ṣe ẹ̀rí eSIM. Ohun tó ń sọ kò ju pé fóònù náà lè gbé nọ́ńbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ bóyá káàdì ni nọ́ńbà kejì yóò bá wọlé tàbí eSIM. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń tà á yóò sọ fún yín pé láti ọdún 2018, láti orí iPhone XS àti XR, ni iPhone ti ń gba eSIM, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe fóònù náà fún lè yí i padà. iPhone 13 tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà, Hong Kong àti Macau jẹ́ oníkáàdì méjì, kò ní eSIM. Lórí «Informations» náà, bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà móẹ̀lì tó wà níwájú «Numéro de modèle», yóò yí padà sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. iPhone 13 ti Yúróòpù àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ni A2633. Èyí tó jẹ́ ti Ṣáínà àti Hong Kong ni A2634. Nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, páálí kan náà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ lè rí i pé móẹ̀lì náà parí sí CH/A bó bá jẹ́ ti Ṣáínà, tàbí ZA/A bó bá jẹ́ ti Hong Kong. Èyí tí wọ́n mú wá fún àbúrò mi parí sí ZA/A, gbangba báyìí lójú ìwé tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ṣí fún un.

Samsung náà ní irú tirẹ̀. Láti orí Galaxy S20, ní ọdún 2020, ni ọ̀wọ́ Galaxy S ti ń gba eSIM, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún Kòríà kò gbà á kó tó di Galaxy S23, ní ọdún 2023. Bẹ́ẹ̀, Samsung Kòríà wà káàkiri ọjà wa, torí pé owó wọn máa ń dín. Ẹ wo ìparí orúkọ móẹ̀lì: Galaxy S21 tó jẹ́ SM-G991B ń gbà á, SM-G991N ti Kòríà kò gbà á. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé lẹ́tà yẹn kò ní ìtumọ̀, ẹ gbé owó yín padà sínú àpò.

Àyẹ̀wò tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí ibi tí a ti ń pe nọ́ńbà, ẹ tẹ *#06#, ẹ kò ní í tẹ ìpè, yóò jáde fúnra rẹ̀, kò sì nílò káàdì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. IMEI yóò jáde, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí fóònù náà bá ní eSIM, EID yóò wà pẹ̀lú rẹ̀: nọ́ńbà gígùn, méjìlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀, 89 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí EID kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò yín lójú.

Bí EID bá jáde, ẹ má tíì sanwó. Fóònù ayédèrú wà tí wọ́n ṣe kó dà bí iPhone, tó jẹ́ pé Android ló wà nínú rẹ̀, irú wọn sì lè kọ ohun tó wù wọ́n sójú. Nítorí náà, ẹ wọ «Réglages», ẹ wọ «Données cellulaires», ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «Ajouter une eSIM» sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Lórí Samsung, inú «Connexions» ni ẹ óò ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò SIM. Fóònù tó ní eSIM lóòótọ́ yóò gbé yín dé ibi tí kámẹ́rà ti ń wá àmì QR, àwòrán onígun mẹ́rin tí iléeṣẹ́ SIM máa ń fún ni láti fi gbé nọ́ńbà wọ eSIM. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi EID ojú fóònù wé èyí tó wà lára páálí, nítorí pé páálí rọrùn láti pààrọ̀ ju fóònù lọ. Àwòrán EID tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán ojú fóònù ẹlòmíràn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí EID bá kọ̀ tí kò jáde, wọn a ní, «Kò tíì sí níbẹ̀ ni, ẹ fi owó díẹ̀ kún un, a ó bá yín fi eSIM sí i.» Irọ́ ni. eSIM kì í ṣe ohun tí a ń gbé wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣíìpù kékeré ni, wọ́n ti jó o mọ́ pátákó inú fóònù láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, ibẹ̀ náà ni EID rẹ̀ ti wá. Ohun tí a ń fi àmì QR gbé wọlé ni nọ́ńbà yín, ṣíìpù tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Káàdì kan wà lóòótọ́ tí a máa ń kì bọ àyè SIM, tó lè gba eSIM sórí àwọn Android kan, kò sì burú fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà. Ṣùgbọ́n àyè káàdì ni ó gbà, nítorí náà ẹni tó ní ojú SIM kan ṣoṣo kò jèrè ohun tó torí rẹ̀ wá. Ẹni tó bá fi irú káàdì yẹn sínú fóònù, tó wá tà á bí fóònù eSIM, jalè ni.

Ẹ̀tàn kan tún wà tó jẹ́ òdìkejì èyí. Láti ọdún 2022, iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní àyè káàdì rárá, eSIM nìkan ló ń gbà. Wọn a tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọn a sì yìn ín pé òun ni ojúlówó eSIM. Ẹni tó rà á yóò délé, kò ní rí ibi tí yóò ki káàdì MoMo rẹ̀ bọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóònù náà yíká, ẹ fi èékánná wá ihò àwo SIM. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tí ẹ ń lò, ìbáà jẹ́ MTN, Moov Africa tàbí Celtiis, ẹ béèrè bóyá wọn yóò lè sọ káàdì yín di eSIM lórí irú fóònù náà, ohun tí yóò ná yín àti ìwé ìdánimọ̀ tí wọn yóò béèrè.

Fóònù tí wọ́n tì mọ́ iléeṣẹ́ kan lókè òkun náà ń kó bá ènìyàn. Yóò ní EID pípé, yóò ní «Ajouter une eSIM», ṣùgbọ́n eSIM iléeṣẹ́ tó tì í nìkan ni yóò gbà. Lórí iPhone, ẹ ka ìlà «Verrouillage opérateur» nínú «Informations»: ó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ìdíwọ́ SIM kankan. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò séwu, pé káàdì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹ fa àwo SIM jáde kí ẹ wo abẹ́ káàdì náà. Bí ẹ bá bá ṣíìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, òun ni wọ́n fi ń tan fóònù náà jẹ, kò sì ràn ju káàdì tó wà lórí rẹ̀ lọ. Kò lè ṣí ọ̀nà fún eSIM.

Èyí tó kù yìí ni mo bẹ̀rù jù. Ẹni tó bá ta fóònù fún yín tó tún yọ̀ǹda láti «bá yín gbé eSIM wọlé» kò gbọ́dọ̀ rí àmì QR tí iléeṣẹ́ fún yín, kò gbọ́dọ̀ gba àwòrán ìwé ìdánimọ̀ yín, kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kóòdù tó bá wọlé sórí nọ́ńbà yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àmì QR sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bó bá fi fóònù tirẹ̀ yà á ṣáájú yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà yín ń lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìpè àti kóòdù yóò máa wọlé sí, nígbà tí MoMo ọjà yín wà lórí nọ́ńbà kan náà. Iwájú òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, nínú ọ́fíìsì, ni kí ẹ ti gbé e wọlé.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba facture. Kí orúkọ móẹ̀lì pẹ̀lú lẹ́tà ìparí rẹ̀ wà níbẹ̀, kí IMEI wà níbẹ̀, kí EID wà níbẹ̀, kí ẹni tó tà á fọwọ́ sí i pé òun yóò gbà á padà bí eSIM bá kọ̀. Ẹni tó bá ní òun kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹni tó tà á kọ sí yín lórí WhatsApp rẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ tọ́jú páálí, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi MoMo san, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí commissariat tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ IMEI fóònù náà sínú ìwé ẹ̀sùn. Ohun tí àbúrò mi ṣe nìyẹn, àwọn ọlọ́pàá sì ti sọ fún un pé bí ẹ̀sùn ẹlòmíràn lórí ọkùnrin kan náà bá tún wọlé, àwọn yóò pa wọ́n pọ̀.