Síkúlà ọwọ́ tí mo rà l'Ógùnpa: ìbòrí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe wáàtì

₦82,000 ni mo san lórí síkúlà yìí, ayùn oníná tí bíléèdì roboto rẹ̀ ń yí, ní ṣọ́ọ̀bù onírinṣẹ́ kan l'Ógùnpa, n'Ìbàdàn níbí. ₦95,000 ni ọlọ́jà kọ́kọ́ pè é. Mi ò ní dárúkọ tó wà lára rẹ̀, torí mo rí ìbejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, orúkọ mìíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìyẹn, àwọ̀ nìkan ló sì fi yàtọ̀. Ohun tí ẹ máa wò ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: wáàtì 1,400, bíléèdì mílímítà 185, yíyí 4,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, fólítì 220 sí 240. Tó bá dúró ṣánṣán, ó ń gé igi tó nípọn dé mílímítà 65. Tí ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45, mílímítà 45 ló ń gé. Iṣẹ́ òrùlé ni mo ń ṣe jù, igi 2x3, 2x4 àti 2x6 (íǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), mo sì máa ń la plywood fún kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí òjò bá lé wa sọ̀kalẹ̀. Fún irú iṣẹ́ yìí, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Àmọ́ torí agbára kọ́ ni mo ṣe rà á. Bíi mẹ́rin ni ọlọ́jà tò síwájú mi, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì ju "wáàtì, wáàtì" lọ. Mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìkì wọ́n bọ iná, mo fi àtàǹpàkò fa ìbòrí ìsàlẹ̀, èyí tó ń bo eyín bíléèdì lábẹ́, sókè, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín. Òmíràn há sí agbedeméjì, àfìgbà tí mo gbá a lábàrá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí mo rà yìí padà wá bo bíléèdì, pàù! kí n tó ṣẹ́jú. "Ẹ̀gbọ́n, ìbòrí kọ́ lẹ ó fi gégi o," ni ọlọ́jà wí. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ òun ni mo máa fi kó ìka mi délé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fara gbọgbẹ́. Bíléèdì kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tú ọwọ́ kúrò lórí súwíìṣì, ó ṣì máa ń sáré díẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni káfíńtà máa ń gbé e sílẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ itan kó lè na ọwọ́ gba igi tó kàn. Tí ìbòrí bá ti padà, kò séwu. Tí kò bá padà, bíléèdì tó ṣì ń yí á gbá ilẹ̀ mú, á gbé síkúlà rìn, ẹsẹ̀ ẹni tó wà nítòsí ló sì ń lọ bá. Síbẹ̀ ẹ wọ ọjà pákó èyíkéyìí, ẹ ó rí síkúlà tí wọ́n ti fi wáyà tàbí rọ́bà tíúbù so ìbòrí rẹ̀ mọ́kè. Wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi. Mo gba síkúlà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ayùn ọwọ́ lé e lọ́wọ́, mo ní kó fi apá gé 2x6 títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi pé, "Ọ̀gá, mo ti tú wáyà yẹn o."

Ìbòrí náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Oje igi àti lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń dì sí ibi tó ti ń yí, tó bá sì pẹ́, èyí tó ń ṣe pàù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì, màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, ibi tí oje bá ti lẹ̀ pinpin ni màá fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nù. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ síkúlà, èyí tó fi ń jókòó lórí igi, náà wù mí. Alumíníọ̀mù tó nípọn ni, kì í ṣe páànù títẹ̀. Orí gíláàsì ọlọ́jà ni mo gbé e lé ní ṣọ́ọ̀bù láti wò ó bóyá ó ń mì, kò mì. Ara pẹpẹ yìí ni èèyàn ti ń pinnu bí bíléèdì ṣe máa jìn tó, èyí tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra tiwọn. Wọ́n á rọ gbogbo bíléèdì sílẹ̀, ìbáà jẹ́ plywood mílímítà 12 ni wọ́n fẹ́ gé. Kí eyín bíléèdì yọ díẹ̀ lábẹ́ igi, mílímítà 3 sí 6, ti tó. Èyí tó bá lé ní ìyẹn ò bá yín gé nǹkan kan, ó kàn ń wá itan tàbí wáyà iná lábẹ́ pákó ni. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tí a fi ń de ìjìnlẹ̀ yìí, rọ́bà ni, ó sì máa ń dẹ̀ tí mọ́tò bá ti gbọ̀n ọ́n pẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé nínú mílímítà 20 tí mo bá a ní 24. Ẹ máa tún un dè.

Ohun tó ń ba àgbà káfíńtà lẹ́rù nínú síkúlà ni bó ṣe máa ń ta padà. Mo ra arère tútù ní Bódìjà fún igi síílì, irú èyí tí inú rẹ̀ ṣì ń fà. Bí mo ṣe ń là á gùn, ojú ibi tí mo ti gé kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé mọ́ bíléèdì lẹ́yìn. Ẹ fojú inú wo bí bíléèdì ṣe ń yí: eyín iwájú ń gòkè, eyín ẹ̀yìn ń wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sì ń lọ síwájú. Tí igi bá fún wọn mú, síkúlà á fò sókè, á tún ta sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú, kíákíá tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ dúró tààrà lẹ́yìn rẹ̀. Apá ọ̀tún ni bíléèdì wà lára èyí, nítorí náà apá òsì ojú ìlà ni mo máa ń dúró sí, ọwọ́ mi méjèèjì lórí ibi ìdìmú rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gé, tó ń fi ìkejì di igi mú, mi ò lè bá a ṣiṣẹ́ lórí òrùlé kan náà.

Kó tó ta, ó máa ń sọ̀rọ̀. Ohùn mọ́tò á wálẹ̀, wíìì á di wùùù. Ẹ má tì í. Ẹ má sì fà á bọ̀, torí fífà á sẹ́yìn pẹ̀lú bíléèdì tó ń yí gan-an ló ń mú kó fò. Ẹ tú ọwọ́ kúrò lórí súwíìṣì, kí ẹ dì í mú síbi tó wà títí bíléèdì á fi dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ tó yọ ọ́. Àwọn síkúlà kan ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn bíléèdì tí kì í jẹ́ kí ojú gígé pa dé; tèmi yìí kò ní in, àbùkù gidi sì ni. Èèkàn pẹlẹbẹ ni mo ń gbẹ́, tí ọmọ iṣẹ́ ń kì bọ ojú gígé lẹ́yìn mi bí a bá ń la igi gígùn.

Bí ẹ ṣe gbé igi náà lélẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Tí ẹ bá gbé orí pákó méjèèjì lé nǹkan, tí ẹ wá ń gé àárín, àárín á tẹ̀, òkè ojú gígé á pa dé, bíléèdì á há. Ẹ jẹ́ kí apá tó máa já bọ́ wà lóde, kó já bọ́ ní tirẹ̀, kí ibi tó fẹ̀ lára pẹpẹ síkúlà sì wà lórí apá tó máa ṣẹ́kù. Plywood odindi ní tèmi, ilẹ̀ ni mo ń tẹ́ ẹ sí, lórí 2x3 mẹ́rin tí mo tò, méjì lápá ibí, méjì lápá ọ̀hún. Bíléèdì á ge 2x3 díẹ̀díẹ̀ bí ó bá kọjá lórí wọn, kò sí wàhálà, igi ìdáná ni wọn lọ́jọ́ iwájú. Ojú tó dára lára plywood, ẹ dà á dé ilẹ̀, torí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni síkúlà ọwọ́ ń gé, òkè ló ti máa ń hó.

Bíléèdì elẹ́yín 24 ló bá a wá. Ó ń gé 2x4 wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa plywood ya. Mo ra elẹ́yín 40. Ihò àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 20 bíi ti síkúlà yìí, kí yíyí tí wọ́n kọ sára bíléèdì sì ju 4,800 lọ. Ní ọjà, wọ́n á fẹ́ ta oníhò ńlá fún yín, wọ́n á ní kí ẹ wá nǹkan kì í. Ẹ má gbà, àfi òrùka tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Àti pé ẹ̀yin tí ẹ ń de bíléèdì igi mọ́ grinder kékeré, ẹ jọ̀ọ́: ìyẹn ń yí ní nǹkan bí 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní ìbòrí tó ń padà. Irin àti òkúta ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Síkúlà kan tí ọlọ́jà ń yìn gan-an ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń há súwíìṣì mọ́lẹ̀ kí ìka má bàa rẹ èèyàn. Ní ìlú wa níbí! Iná á lọ, bíléèdì á dúró, káfíńtà á gbé e kalẹ̀, á lọ mu omi. Kí àdúgbò tó pariwo "Up NEPA" tán, síkúlà ti jí lórí pákó, kò sẹ́ni tó dì í mú. Tèmi yìí kò ní bọ́tìnì bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kì í há súwíìṣì mọ́lẹ̀: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí súwíìṣì tó gbà, tí ọwọ́ bá sì ti kúrò, ó parí. Mo ṣì máa ń yọ púlọ́ọ̀gì bí iná bá lọ.

"I better pass my neighbour" ò lè gbé e. Wáàtì bíi 650 nìyẹn, síkúlà sì ń bèèrè ju ìlọ́po méjì lọ, àgàgà nígbà tó bá ń gbéra. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sókè ni. Wáyà rẹ̀ kúrú, nítorí náà ẹ máa nílò ẹ̀ksténṣọ̀n. Ẹ lo oníwáyà 2.5 mm², ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára róòlù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ iná kó tó dé mọ́tò, mọ́tò á gbóná, ọ̀dọ̀ oní-rewáyà lẹ ó gbé e lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ dípò rẹ̀, kó wo púlọ́ọ̀gì. Tó bá pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, tó rí roboto, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní ìlú Ọba ló ti wá, fólítì 110 ló ń jẹ. Ọlọ́jà lè gé púlọ́ọ̀gì náà dànù kó fi tiwa sí i. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ kà. Tí ẹ bá kì í bọ iná ilé láìsí transformer, èéfín ló máa kí yín.

Àwọn àbùkù tó kù kéré. Àmì dígírì rẹ̀ ń purọ́: odo rẹ̀ kì í ṣe ìdúró ṣánṣán, ẹ fi skúwíà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé nǹkan gidi. Irin ìtọ́sọ́nà tó bá a wá ń gbọ̀n, igi tó gún ni mo ń fi kílám̀pù dè mọ́ plywood láti fi tọ́ ọ. Apá ọ̀tún ló ń tu lẹ́búlẹ́bú sí, kò sì ní àpò. Tìrókò máa ń ta mí nímú àti lójú, mi ò sì ń gé e láìfi nǹkan bo imú. Gíláàsì ojú kò sí nínú páálí, ẹ rà á lọ́tọ̀. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tó ṣò, ẹ ká apá aṣọ sókè.

Ẹni tó ń la àpá tàbí ìrókò nípọn lójoojúmọ́, kó má rà á, mọ́tò yìí á rẹ̀. Fún òrùlé àti plywood, màá tún un rà. Kábọ̀n méjì àfidípò (àwọn ló ń gbé iná wọ inú mọ́tò tó ń yí) wà nínú páálí lábẹ́ ìwé, wọ́n kéré, ẹ má jù wọ́n nù. Tí wọ́n bá tán, ẹ mú èyí tó ti jẹ dání lọ sọ́jà, torí ìwọ̀n wọn kì í dọ́gba.