Bàtà badminton mẹ́rin lórí ilẹ̀ Àbújá: èwo ló bá ẹsẹ̀ mu, èwo ló máa pẹ́?

Ilẹ̀ tí ẹ ti ń gbá badminton ló yẹ kó yan bàtà fún yín, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí. Ẹni tó ń gbá a nínú gbọ̀ngàn abẹ́ òrùlé ní pápá ìṣeré Moshood Abiola, àti ẹni tó fi ọ̀dà funfun ya ìlà sórí sìmẹ́ńtì àgbàlá ní Gwarinpa tàbí Kubwa, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nílò. Rọ́bà abẹ́ bàtà badminton rọ̀. Rírọ̀ yẹn ló fi ń di ilẹ̀ mú bí ẹsẹ̀ ọmọńlé. Òun náà ni sìmẹ́ńtì fi ń rí i jẹ. Ó ń rin ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rin gbágùúdá.

Bàtà mẹ́rin tí a gbé yẹ̀ wò ni Yonex 65Z, Yonex Aerus Z, Victor P9200 àti Asics Gel-Rocket. Mẹ́ta àkọ́kọ́, badminton gan-an ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ti Asics, gbogbo eré abẹ́ òrùlé ló wà fún, títí kan fọ́líbọ́ọ̀lù.

Wíwọ̀ ẹsẹ̀ ló ṣáájú, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Nọ́ńbà 42 ti ilé-iṣẹ́ kan lè há mọ́ ẹni tí 42 ti òmíràn tú lẹ́sẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, ẹ lo sẹ̀ǹtímítà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbá eré, ẹ dúró lórí ìwé kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹnì kan fi báírò sàmì síwájú ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n, èyí tó bá gùn jù ni kí ẹ tẹ̀lé. Bó bá jẹ́ 26, ẹ béèrè 26.5, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí àti sẹ́yìn ahọ́n bàtà. Ẹni tó bá ra èyí tó tóbi nítorí pé "ìbọ̀sẹ̀ méjì á kún un", ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ ṣíwájú nígbàkigbà tó bá nà dé ẹnu àwọ̀n, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ á sì dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Fífẹ̀ ńkọ́? P9200 ló láàyè jù níwájú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́jú á mọ̀ ọ́n lára kíákíá. 65Z wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àmọ́ Yonex tún ń ṣe oríṣi rẹ̀ tó fẹ̀. Ẹ wo ara páálí dáadáa kí ẹ má sanwó èyí kí wọ́n kó tọ̀hún fún yín. Aerus Z máa ń di ẹsẹ̀ mú pinpin. Gel-Rocket kò há, kò tú, bí bàtà tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé. Ní ìsọ̀, ẹ so okùn dé ihò tó kẹ́yìn, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ nídìí àwọ̀n. Bí gìgísẹ̀ bá yọ sókè nínú bàtà, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kò sí ohun tí okùn lè ṣe sí i.

Ní ti fóòmù tó ń gba ìkọlù, Yonex máa ń polówó pé ẹyin tútù tí wọ́n jù láti mítà 12 sórí Power Cushion+ tó wà nínú 65Z á ta padà sókè láìfọ́. Ẹyin kì í gbá badminton ṣá. Ẹni tó wọn kílò 85, tó ń fò tó ń já lórí sìmẹ́ńtì, ìkọlù tirẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ ìrọ̀rùn 65Z dára, torí ó gba ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìka, kò sì ga kúrò nílẹ̀. P9200 le díẹ̀, ó wúwo díẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lágbára, kókósẹ̀ kì í yẹ̀ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó sanra, tàbí tó ti rọ́ ẹsẹ̀ rí, òun la máa kọ́kọ́ nà sí i. Aerus Z fúyẹ́ débi pé ẹ máa gbàgbé pé ẹ wọ bàtà, kò sì nípọn. Lórí pákó, ó dùn. Lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún á sọ̀rọ̀ lálẹ́. Bàtà ìsáré tó nípọn lẹ́yìn ni ká má tilẹ̀ dárúkọ: iwájú tààrà ni wọ́n ṣe é fún, badminton sì ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹ bá yà lójijì, gíga rẹ̀ á dojú ẹsẹ̀ délẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́ kì í ṣe àtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá, ẹsẹ̀ òsì ló ń fà tẹ̀lé e bó bá nà síwájú. Inú imú bàtà òsì, lápá àtàǹpàkò, ló máa ń gbó. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà yí ibẹ̀ ká. Aerus Z ni ibẹ̀ ti tín jù, òun ló máa kọ́kọ́ lu. Gel-Rocket ló máa fara da sìmẹ́ńtì jù fún owó rẹ̀, ike líle tó wà lábẹ́ àárín rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó lọ́. Ẹni tó bá ń gbá lórí sìmẹ́ńtì nìkan, tó lọ ra 65Z, ó fẹ́ náwó ni.

Ọ̀tá kejì ni ooru. Bàtà tí ẹ fi sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Àbújá, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń yọ́ lọ́jọ́ gbogbo, títí àtẹ́lẹ̀ á fi la ẹnu. Bó bá ti la díẹ̀, ẹ gbé e fún aránbàtà kó fi okùn rán an yí ká, kí okùn náà wọnú ihò ẹ̀gbẹ́ rọ́bà. Èyí tó bá yọ síta, ilẹ̀ á já a. Nígbà ọyẹ́, eruku ló máa sọ rọ́bà di ohun tó ń yọ̀. Àkísà tútù nìkan ni kí ẹ fi nù ún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi bẹntíróòlù kàn án, torí ó máa ba rọ́bà jẹ́. Bó bá tutù fún òógùn, ìwé ìròyìn ni kí ẹ kì sínú rẹ̀, kí ẹ má sá a sóòrùn.

Bọ́síkọ́nà ńkọ́? Ẹ lè rí 65Z níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Àmọ́ fóòmù ń gbó bí a kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò: bí kò bá padà bọ̀ sípò, tàbí tó rún bí ìyẹ̀fun, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún ká bàtà náà: ìdí ìka ló yẹ kó ti ṣẹ́, kì í ṣe àárín.

Èyí tí ẹ ti ń lò nílé náà, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ìlà abẹ́ àtàǹpàkò ti dán pátápátá, ẹ lè máa wọ̀ ọ́ lọ ọjà, ẹ má wọ̀ ọ́ gbá eré mọ́.