Ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, tí ó ń ka ìwé kí ó tó tẹ̀ ẹ́

Lẹ́tà kan ni mo mú lọ kí wọ́n bá mi tẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí mo ti ń bójú tó yàrá ìyẹ̀fun láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ ní orúkọ mi, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì wá gba 150,000 náírà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: pé mo gba owó náà gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú fún ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́, àti pé n kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀ títí ayé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi rárá. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti aṣọ pupa tí wọ́n ta mọ́ ògiri fún àwọn tí ó wá ya fọ́tò pélébé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì bí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì tún gbé e kúrò. Ó kà á tán, ó tún un kà.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin gan-an ni ìjàǹbá yìí ṣe?”

Mo ní èmi ni. Ó wo ọ̀pá tí mo gbé ti tábìlì.

“Ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí n ó fi tẹ̀ ẹ́, owó mi náà sì ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi nǹkan kan hàn yín.”

Ohun tí ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ ni òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́. Lábẹ́ òfin tí ó wà tẹ́lẹ̀, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni ẹrù náà wà, èyí sì ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ṣì gbà pé àárín àwọn àti ẹni tí ó fara pa ni ọ̀rọ̀ ti ń parí. Òfin tuntun yí i padà: agbanisíṣẹ́ ní láti máa dá ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, ń bójú tó, inú àpò yẹn ni owó sì ti ń jáde fún ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, láìjẹ́ pé wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan lára owó oṣù òṣìṣẹ́ fún un. Ibi tí ó fi ìka tọ́ka sí fún mi lẹ́ẹ̀mejì ni ibi tí òfin náà ti sọ pé òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ tí òfin fún un. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ san owó kí wọ́n bá mi tẹ̀. Mo ti rí àwọn atẹ̀wé nílùú yìí tí ó jẹ́ pé bí oníbàárà bá gbé ìwé tí ó fi pe àwọn fúnra wọn lẹ́jọ́ wá, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò gba owó, wọn yóò sì ní kí Ọlọ́run mú wa padà wá.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí ó ń kà á, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ, ni mo já bọ́ láti orí àkàbà nígbà tí mo ń ka àpò ìyẹ̀fun. Àpò kan tẹ̀ lé mi, ó sì bà mí ní egungun ìdí. Ilé búrẹ́dì san owó oṣù méjì fún mi pé, ó san ìdajì fún oṣù méjì mìíràn, ó sì dákẹ́. Ẹni tí kò lè dúró fún wákàtí kan kò lè ka àpò, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ kò mọ̀ pé ìdí ń dun ìyá.

Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn náà ni mo tìtorí rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó béèrè ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ fún lẹ́nu iṣẹ́ àti ọjọ́ tí mo sọ ọ́, nítorí òfin ní kí òṣìṣẹ́ fi ìjàǹbá tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Mo ní n kò kọ ìwé kankan. Ó ní ǹjẹ́ mo fi ohunkóhun ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Mo ṣí fóònù mi, a sì jọ wá a títí a fi rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo kọ sí mánijà ní alẹ́ ọjọ́ kejì láti orí bẹ́ẹ̀dì: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wọ́n ní mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Àpò mẹ́rìnlélógójì ni mo kà kí n tó ṣubú.” Ó tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí ó wà lára rẹ̀. Ó wá bá mi kọ lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ sí ọ̀gá mi, tí ó rán an létí pé ọjọ́ 7 péré ni òfin fún un láti fi ìjàǹbá náà tó àjọ létí. Inú bí ọ̀gá nígbà tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó pè mí lálẹ́, ó sọ ohun tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni akọ̀wé rẹ̀ pè mí láti béèrè nọ́ńbà NIN mi. Ní ti fọ́ọ̀mù tèmi, èyí tí mo fi ń béèrè owó náà lọ́wọ́ àjọ, ọdún kan gbáko ni òfin fún ẹni tí ó fara pa láti fi í sílẹ̀, nítorí náà mo ṣì wà láàárín àkókò.

Àléébù wọn kò kéré, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo dé ilé ìwòsàn ni ó kọ sórí fọ́ọ̀mù náà níbi tí ó yẹ kí ó kọ ọjọ́ ìjàǹbá, ilé ni mo ti rí i nígbà tí mo ń fi iná fóònù kà á, mo sì ní láti tún wọ kọ̀rọ̀pẹ́ padà wá láti Alékúwodò pẹ̀lú ìdí tí ó ń ro mí. Ó tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó gba owó fọ́tòkọ́pì lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé pé ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ni àjọ ń san. Òótọ́ ni pé iye yẹn wà nínú òfin, fún ẹni tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń ti ọ̀pá ni ó wà ní ipò yẹn, dókítà kò sì tíì sọ pé èmi wà níbẹ̀. Ní ti owó, 2,000 náírà ni ó kọ́kọ́ pè fún mi, 6,500 ni mo san nígbẹ̀yìn, nítorí pé síkáànì ní owó tirẹ̀, ímeèlì ní owó tirẹ̀, bébà náà sì ní owó tirẹ̀, ó ń kán lé mi lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ilé tí ó ń jò. Ì bá ti sọ iye rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú, àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún oníbàárà kò sì ní ẹ̀yìn. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, n kò gbìyànjú láti gun àtẹ̀gùn náà mọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí tí mo pè é. Ó gbé àpótí kan jáde sí abẹ́ òjìji, ó fi aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ya fọ́tò tẹ́ ẹ fún mi, ó sì kó fọ́ọ̀mù náà wá. Mo ka ọjọ́ ìjàǹbá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.